SN1 àti SN2: ọ̀nà méjì tí bromide ń gbà kúrò lára kábọ̀n

SN1 àti SN2 jẹ́ ìyípadà kẹ́míkà tí ohun mìíràn ti ń gba ipò bromide (bromine tó ń bá ẹ̀lẹ́kítírọ́nù lọ) lára kábọ̀n. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni SN2. Bí nucleophile (ohun tuntun tó ń fún kábọ̀n ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù) ṣe ń wọlé láti ẹ̀yìn kábọ̀n ni bromide ń jáde níwájú, mólékù á sì yí padà bí agboòrùn tí ìjì yí sódì. Bromomethane fẹ́ràn ọ̀nà yìí, torí àyè wà lẹ́yìn kábọ̀n rẹ̀.

SN1 kì í kánjú. Bromide á kọ́kọ́ lọ, á ku carbocation (mólékù tí kábọ̀n rẹ̀ ní chaji pọ́sítífù), kí omi, tó jẹ́ nucleophile níbí, tó dé. Ọ̀nà tert-butyl bromide nìyẹn: ẹgbẹ́ methyl (CH3) 3 ti dí ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn kan náà ló sì ń ti carbocation náà lẹ́yìn.

Lójú tèmi, iyára ló fi ìyàtọ̀ wọn hàn jù. Fi kún nucleophile, SN2 á yára sí i. SN1 ò ní mì rárá.