"A Ó Gbé Yín": Ọjọ́ Méjì Lórí Kẹ̀kẹ́ Arọ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi òtẹ́ẹ̀lì kí n tó san kọ́bọ̀: "Àtẹ̀gùn mélòó ló wà lẹ́nu ọ̀nà yín?" Èyí tí mo pè ní Ìjẹ̀bú-Òde lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin tó gbé fóònù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà, a ó gbé yín." Ó yẹ kí n ti pa fóònù nígbà yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. (Ẹni tó bá fẹ́ máa pè é ní wíìshíà, kò sí ìjà.) Ìnáwó ló máa ń gbé mi lọ sílé, ìgbéyàwó tàbí òkú; mi ò fi ojú àlejò wo Ìjẹ̀bú rí. Ìyẹn ni èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe háyà mọ́tò pẹ̀lú dírẹ́bà fún ọjọ́ méjì, ₦70,000 lójúmọ́, epo wà nínú rẹ̀.

Mọ́tò yẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun ni mo gbádùn jù. Sienna ni mo ní kí wọ́n gbé wá, mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀kùn Sienna ń wọ́ sẹ́yìn ni, kì í ṣí síta kó dí èèyàn lọ́nà, àga rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju ti kẹ̀kẹ́ mi lọ. Mo ní pákó kan tí káfíńtà bá mi fá títí tó fi ń dán. Màá ti orí kan rẹ̀ bọ abẹ́ ìdí mi, màá gbé orí kejì lé àga mọ́tò, màá rọra yọ̀ kọjá. Ẹnikẹ́ni kò ní láti fọwọ́ kàn mí. Corolla ni wọ́n kọ́kọ́ gbé dé Ìbàdàn. Mo dá a padà. Wákàtí méjì ni a fi jókòó de Sienna, ilẹ̀ sì ti ń ṣú ká tó gba Ṣàgámù yà sí Ìkẹ́nnẹ́. Ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mo fẹ́ wò, ẹni tí wọ́n bí nílùú náà ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1909, àti ibojì rẹ̀. Ìta la ti wò ó, a yíjú mọ́tò padà.

Àtẹ̀gùn méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì náà. Sẹ́kúríìtì méjì sáré jáde, kí n tó la ẹnu, ọ̀kan ti ki ọwọ́ bọ abíyá mi, èkejì ti di ibi tí mo ń gbẹ́sẹ̀ lé mú. Ibi ìgbẹ́sẹ̀lé yẹn, yíyọ ni. Ó yọ mọ́ ọn lọ́wọ́, kẹ̀kẹ́ dà síwájú, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà dúró síbẹ̀, ó gbé irin dání bí ẹni tó já ẹ̀ka igi, ó ń bẹ̀ mí. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti béèrè ni, mi ò bá ti sọ fún un pé férémù abẹ́ àga ni kó dì mú.

Ti balùwẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ mi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 66, ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ jẹ́ 60. Mo mọ̀ nítorí pé téèpù kì í kúrò nínú báàgì mi. Inú yàrá ni mo ti wẹ̀, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti tówẹ́ẹ̀lì nílẹ̀, ọjọ́ méjèèjì. Ìkọ́kọrẹ́ wọn dùn o, mi ò ní tìtorí àtẹ̀gùn purọ́ mọ́ oúnjẹ: ewùrà rẹ̀ ṣe kókó kókó bó ṣe yẹ, ẹja kún inú rẹ̀, mo sì béèrè fún àfikún. Nígbà tí mo sọ fún máníjà pé òfin ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀-ara tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019 fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, àti pé ọdún márùn-ún ọ̀hún ti pé láti 2024, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni tí mo pa àlọ́ ìjàpá fún.

Ọjọ́ kejì la lọ Òkè-Ẹ̀rí, níbi tí wọ́n ní ibojì Bílíkísù Sùǹgbọ́ wà, olówó obìnrin tí kò bímọ, tí ìtàn sọ pé òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà ńlá tí à ń pè ní Eredò kí orúkọ òun má bàa parẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí kẹ̀kẹ́, iyanrìn ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún. Táyà kékeré iwájú ló máa ń rì. Kí ẹni tó ń tì yín dà yín sẹ́yìn díẹ̀, kí táyà iwájú gbéra nílẹ̀, kó fi táyà ńlá méjèèjì nìkan rìn. Tí iyanrìn bá jìn, kó yí kẹ̀kẹ́ padà, kó máa fà yín lọ, kí ẹ fẹ̀yìn rìn. Ó ń ṣe èèyàn bí ẹrù, àmọ́ ẹ ó dé ibẹ̀.

Eredò fúnra rẹ̀, odi àti yàrà ni, amọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160 yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Láti 1995 ló ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, gbà wọlé sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Níbòmíràn, láti orí odi dé ìsàlẹ̀ yàrà tó mítà 20. Dírẹ́bà wa mú wa dé etí ibi kan tí mọ́tò lè sún mọ́. Ó wò mí, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, a lè gbé yín sọ̀ kalẹ̀." Mo ní ó ṣeun, rárá. Mo fi bíréèkì méjèèjì há táyà, mo na ọrùn síwájú. Ara odi tutù, ewédò bò ó, òórùn ewé jíjẹrà ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀, ó rí bí ọmọlangidi lọ́hùn-ún, ó ń pariwo pé kí n ya òun ní fọ́tò. Èmi nìkan ló wà lókè fún bí ogún ìṣẹ́jú, mo kàn ń wò. Ọkọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ! Mi ò jowú ọmọ yẹn rárá.

Kùkùté kan gún táyà kẹ̀kẹ́ mi nígbà tí à ń padà. Fọ́kanáísà kan ní Mobalufọn ló bá wa lẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń lẹ táyà básíkù, ₦500. Ó ní láti yọ táyà, nítorí náà mo ní láti kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Fọ́kanáísà náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni kí n dì mú?" Ọdún kọkànlá, mo lè ka àwọn tó ti bi mí bẹ́ẹ̀ tán lórí ìka ọwọ́ kan. Mo fún un ní ₦2,000.

Àwọn kan ti ń béèrè nípa Ojúde Ọba, àjọ̀dún ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo lọ ní 2024, ní ọjọ́ kẹta Iléyá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Mo pẹ́ dé, gbogbo èèyàn ti dúró, ìdí agbádá àti gèlè ẹlòmíràn ni mo wò di ìrọ̀lẹ́. Farooq Oreagba, ẹni tí fọ́tò rẹ̀ lórí ẹṣin gba orí ayélujára kan, gun ẹṣin lọ́jọ́ yẹn. Orí fóònù ni mo ti rí i, bíi ti ẹni tó wà ní Kánádà. Ẹ tètè dé, kí ẹ sì wá ibi tí ilẹ̀ ti ga.

Tí ẹ bá ní kí n fún wọn ní máàkì: mọ́tò gba 4 nínú 5, Corolla ló jẹ́ kó pàdánù ọ̀kan. Òtẹ́ẹ̀lì gba 2, ìkọ́kọrẹ́ ló ni ọ̀kan nínú rẹ̀. Máníjà fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi níjẹta pé àwọn ti da sìmẹ́ńtì sí ẹnu ọ̀nà, ó ti di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí n máa bọ̀. Àtẹ̀gùn méjèèjì yẹn ga tó sẹ̀ǹtímítà 34. Bí sẹ̀ǹtímítà kan bá ga, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ yẹ kó gùn tó 12, ìyẹn ni pé mítà mẹ́rin ó lé díẹ̀. Èyí tí mo rí nínú fọ́tò, ewúrẹ́ ni yóò lè gùn ún. Mo ní kí wọ́n bá mi wọn gígùn rẹ̀. Wọn ò tíì dáhùn.