Àkáǹtì tí mo ṣí ní Àjàṣẹ́

Òróró àgbọn ni mò ń tà. Àgbádárìgì ni mò ń gbé, ọjà Agbalata ni ìsọ̀ mi wà, àmọ́ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ni àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ mi jù wà, sẹ́fà, owó ibẹ̀, ni wọ́n sì fi ń sanwó. Ó pẹ́ tí mo ti ń di owó náà mọ́ abẹ́ ìró, tí n ó máa gbàdúrà láti bọ́dà Sèmè títí dé ilé. Mo máa ń ṣẹ́ ẹ sí náírà lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ńjì ní bọ́dà. Lọ́sẹ̀ kejì tí mo bá fẹ́ ra kẹ́ẹ̀gì ní Kútọnu, n ó tún fi náírà ra sẹ́fà padà. Àlọ wọ́n gé mi, àbọ̀ wọ́n gé mi. Láti 2023 tí náírà ti ń já bọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wá sú mi. Sẹ́fà ní tiẹ̀, wọ́n so ó mọ́ euro: 655.957 ni euro 1, kì í yẹ̀.

Mo bá ní kí n ṣí àkáǹtì sẹ́fà ní Àjàṣẹ́. Báńkì àkọ́kọ́ tí mo yà sí, mi ò ní dárúkọ wọn. Ilé onígíláàsì ni, ẹ̀rọ amúlétutù wọn ń fẹ́ bí ọyẹ́. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní 10,000 sẹ́fà ni owó ìwé àkáǹtì, kí n kó o lé òun lọ́wọ́. Mo ní rìsíìtì ńkọ́? Ó ní kò sí rìsíìtì. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé báàgì mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Kútọnu ti là mí lóye kí n tó wá: láti oṣù kẹwàá 2014 ni BCEAO, báńkì àpapọ̀ tó wà ní Dakar, ti pàṣẹ fún gbogbo báńkì ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ 19 ni wọn ò gbọdọ̀ gbowó lé lórí. Ṣíṣí àkáǹtì wà níbẹ̀. Fífi owó pamọ́ àti gbígbà á lórí kàńtà náà wà níbẹ̀.

Báńkì kejì ni mo wá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò ga, fáànù ni wọ́n ń lò. Obìnrin tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ da Faransé bò mí. Ojú mi ló wò tó fi yí i sí Yorùbá. "Ẹ kú àbọ̀ o, ìyá. Ṣé ibí lẹ ń gbé, àbí òdì kejì bọ́dà?" Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè yẹn o. Àkáǹtì ẹni tí kò gbé níbẹ̀ yàtọ̀, wọ́n á fẹ́ mọ ibi tí owó ti wá, torí náà ó ní kí n máa mú ìwé tí mo fi tajà dání bí mo bá ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kó tó parí: orúkọ ọkọ mi ló wà lórí bíìlì iná, orúkọ bàbá mi ló wà nínú pàsípọ́ọ̀tù.

Mo bi í pé, "Ẹ dákun, bí ẹ bá kógbá wọlé ńkọ́?" Kò bínú. Ó fi bírò tọ́ka sí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, igun rẹ̀ kan ti ká sókè. FGDR-UMOA ló wà lórí rẹ̀, àwọn tó dúró fún owó oníbàárà. Bí báńkì bá fọ́, 1,400,000 sẹ́fà ni ó pọ̀ jù tí wọ́n á san fún ẹnì kan. Bó bá jẹ́ àwọn ilé ìyáwó kéékèèké, 300,000 péré. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, NDIC, àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ti sọ ọ́ di mílíọ̀nù 5 náírà láti 2024, mílíọ̀nù 2 fún báńkì máíkíróò. Obìnrin náà ka gbogbo ìwé ara ògiri yẹn fún mi láti inú Faransé, ó ń fa bírò tẹ̀ lé e bíi tíṣà.

Èlé 3.5 nínú 100 lọ́dún ni wọ́n ń san. Mo ráhùn pé ó kéré, oníbàárà mi kan ló bá mi wí. Ní 2010, òun náà wà lára àwọn tó gbé owó fún àwọn tó ṣèlérí èlé ńlá ní Benin níbẹ̀. Ojú owó gan-an lòun ṣì ń wá títí di òní.

Àléébù wọn: ọjọ́ Ajé, ẹ má lọ, èrò á dé ẹnu ọ̀nà. Áàpù wọn tó wà lórí fóònù, Faransé ni látòkè délẹ̀. Bọ́dà sì ni ẹ̀rù tèmi. Ṣé ẹ rántí pé oṣù kẹjọ 2019 ni wọ́n tì í, tó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí Sèmè? Bí wọ́n bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, owó á wà lọ́hùn-ún, èmi á wà níbí. Fún ìdí èyí, mi ò jẹ́ kó kọjá owó kẹ́ẹ̀gì àti ọkọ̀ oṣù méjì. Mo fún wọn ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ẹyọ kan tí mo yọ, ti ọjọ́ Ajé ni. Bọ́dà kì í ṣe ẹ̀bi wọn.