Bí Blender ṣe bá mi kó àwọn ìran fíìmù àṣegboyè mi pọ̀

Ìṣẹ́jú 3 péré ni fíìmù ánímẹ́ṣọ̀n tí mo fi gboyè: ìyá àgbà kan ń dín àkàrà lálẹ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bá a pọ́n ọn. Ṣùgbọ́n àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ṣírò rẹ̀, 4,320 ni. Lórí láptọ́ọ̀pù mi, ẹyọ kan ń gbà tó ìṣẹ́jú 2 kó tó jáde. Ẹni tó bá ní kí n tún ìran kan ṣe, ọjọ́ ló ń gbà lọ́wọ́ mi.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Compositor inú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ṣe fíìmù náà. Ibẹ̀ la ti ń kó àwọn ìpele lé ara wọn, ìyá àgbà lọ́tọ̀, ọjà lọ́tọ̀, èéfín lọ́tọ̀, títí wọn yóò fi di ìran kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo fi ìran ìdí agbada han olùkọ́ mi, ó ní ojú màmá ṣókùnkùn jù. Àyà mi já. Àmọ́ mo ti fi àtùpà sí Light Group (àkójọ ìmọ́lẹ̀) tirẹ̀, mo fi òṣùpá sí tirẹ̀. Láti ẹ̀dà 3.2 tó jáde ní 2022 ni Cycles, ẹ̀yà Blender tó ń gbé àwòrán jáde, ti ní nǹkan yìí, ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì dá dúró nínú fáìlì EXR, irú fáìlì àwòrán tó ń gba ìpele púpọ̀. Mo sọ agbára àtùpà di 1.5, mo fi àwọ̀ ọsàn díẹ̀ kún un, mo dà á pọ̀ mọ́ ti òṣùpá. Ojú màmá là! Ìmọ́lẹ̀ hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti létí gèlè. N kò tún ẹyọ àwòrán kankan ṣe.

Etí irun ọmọ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Ìlà dúdú tín-ín-rín kan yí i ká, mo wá ìdí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Èmi ni mo fi àmì sí Convert Premultiplied lórí Alpha Over, irinṣẹ́ tó ń gbé àwòrán kan lé òmíràn. Wọ́n ti fi alpha, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ibì kan nínú àwòrán ṣe bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó, sọ àwọ̀ rẹ̀ di púpọ̀ (multiply) tẹ́lẹ̀, mo tún ní kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, etí rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Mo yọ àmì kúrò, ìlà náà lọ.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ jáde sí fídíò tààrà láé, ẹyọ-ẹyọ àwòrán ni kí ẹ ní kó máa jáde. Ẹ yọ àmì Overwrite, èyí tó ń mú kó tún àwòrán tó ti jáde ṣe, bí iná bá lọ, ibi tí ẹ dé lẹ ó ti máa bá a lọ. Bí ẹ bá lo Placeholders, èyí tó ń fi fáìlì òfìfo di àyè àwòrán mú kó tó jáde, ẹ wá fáìlì òfìfo tí iná tó lọ fi sílẹ̀, kí ẹ pa á rẹ́. Èmi ò mọ̀, àwòrán kan sọnù láàárín ìran èéfín.

Fáìlì EXR wúwo, ẹ wá hard disk ńlá. Blender fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni: ní 2002 ni àwọn tó ń lò ó dá 100,000 yúrò kí kóòdù rẹ̀ lè di ti gbogbo ayé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an, torí n kò lówó ohun tí wọ́n ń tà.

Kí ẹ tó gbé àwòrán àkọ́kọ́ jáde, ẹ ya ìmọ́lẹ̀ yín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ kò bá yà á ṣáájú, Compositor kò lè bá yín yà á mọ́.