Ìwé, fóònù àbí kíláàsì: kí lẹ máa rà fún ìdánwò ìwé kíkà Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ̀yin ọmọ Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ fi Faransé kàwé jáde, tẹ́ ẹ wá ń wá yunifásítì tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Owó ìdánwò fúnra rẹ̀ ti wọ́n, ó yẹ ká ṣọ́ èyí tá a máa ná lórí ìgbáradì.

Ẹ kọ́kọ́ bi ilé ìwé tẹ́ ẹ ń lọ bóyá IELTS ni wọ́n ń gbà tàbí TOEFL (ìdánwò méjì tí wọ́n fi ń mọ bí ẹnì kan ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó), torí ìwé ọ̀kan kò lè ṣiṣẹ́ èkejì. Nínú IELTS, wákàtí kan ni apá ìwé kíkà: apá mẹ́ta, ìbéèrè 40, kò sì sí ìṣẹ́jú kankan lẹ́yìn náà fún dída ìdáhùn kọ. Ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìwé IELTS tó ti lo ọdún díẹ̀ lórí àtẹ ṣì dára. Ti TOEFL yàtọ̀ pátápátá. Títí di ìparí 2025, àyọkà méjì ni, ìbéèrè 20, ìṣẹ́jú 35. Ní oṣù Kìíní 2026 wọ́n yí i padà: bẹ́ ẹ ṣe dáhùn apá àkọ́kọ́ ló ń pinnu bí apá kejì ṣe máa le tó, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà kù lára rẹ̀ kún un, wọ́n fi ìkéde àti ìwé kúkúrú kún un, máàkì náà sì ti di láti 1 sí 6. Bí òǹtàwé bá gbé TOEFL olówó pọ́ọ́kú lé yín lọ́wọ́, ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Tó bá ṣáájú 2026, ẹ dá a padà fún un.

IELTS náà tún pín sí méjì, ẹ ka èèpo ìwé dáadáa. Academic ni ti yunifásítì. General Training ni ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó lọ sí Kánádà. Ẹni tó bá gba 30 nínú 40 sábà máa ń rí máàkì 7 (9 ló ga jù) nínú Academic, ṣùgbọ́n bíi 6 ni nínú General, torí àyọkà ibẹ̀ rọrùn.

Nínú gbogbo ohun tó wà lọ́jà, ìwé ìdánwò IELTS tí Cambridge ń tẹ̀ ni mo fara mọ́ jù. Odindi ìdánwò mẹ́rin ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn sì wà lẹ́yìn. Ẹni tó ń gba Ìgòlò àti Ìdìrókò lọ sí Èkó lè bá yín rà á bọ̀. Tó bá jẹ́ fọ́tòkọ́pì ni wọ́n ń tà fún yín, ẹ ṣí i dé ojú ewé tó kẹ́yìn: ìwé tí kò ní ìdáhùn kò wúlò fún ẹni tó ń dá kẹ́kọ̀ọ́.

Ti fóònù, ẹ má tíì sanwó fún ètò kankan. British Council àti IDP tí wọ́n ń ṣe IELTS, àti ETS tó ń ṣe TOEFL, ní àpẹẹrẹ ìdánwò ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà nìkan lẹ máa ná. Ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà, àyọkà wà lápá òsì, ìbéèrè lápá ọ̀tún, ojú fóònù sì kéré jù láti fi kọ́ ìyẹn. Ẹ wá kọ̀ǹpútà yá nígbà tí ìdánwò bá kù díẹ̀.

Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ló ń gba owó jù, òun náà ló sì yàtọ̀ síra jù. Èyí tí wọ́n ti ń há ọ̀rọ̀ sórí, mi ò gbà yín níyànjú. Àwa tá a gbọ́ Faransé ti mọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ gígùn inú àyọkà. Aago ló ń pa wá lára, àti ìbéèrè True, False, Not Given (òótọ́ ni, irọ́ ni, àyọkà kò sọ ọ́) ti IELTS. Ká ní àyọkà sọ pé odi àti yàrà yí Kétu ká, pé Àkàbà Ìdènà sì ni ẹnubodè rẹ̀. Ìbéèrè wá ní Dàhòmì fọ́ ìlú náà ní 1886. Ọmọ Kétu mọ̀ pé òótọ́ ni, ó máa kọ True, ó sì máa pàdánù máàkì, nítorí àyọkà kò sọ ọ́ rárá. Not Given ni. Olùkọ́ tó bá ń béèrè pé "Níbo lo ti rí i nínú àyọkà?" lórí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ tọ́ sí i. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó san ti oṣù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí kíláàsì jìnnà sí, ẹ lè dá owó ìwé kan jọ lẹ́ni mẹ́ta. Inú káyé ni kí oníkálukú máa kọ ìdáhùn sí, kí ẹnikẹ́ni má fi bírò kan ìwé náà, kí ẹni tó kàn lè rí i ní mímọ́.