Mo Gun Òpó Afárá Akashi Kaikyo ní Kobe

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe, irin ni ojú mi sì kọ́kọ́ máa ń wá níbikíbi tí mo bá dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi sanwó Bridge World Tour, tí wọ́n fi ń mú àlejò gun afárá Akashi Kaikyo ní Japan, èyí tó so ìlú Kobe mọ́ erékùṣù Awaji. Owó náà kò dùn mí rárá.

Ilé àfihàn tó wà nítòsí ni wọ́n á ti kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ẹ má fi ibẹ̀ ṣeré. Okùn irin tó gbé afárá náà nípọn ju mítà kan lọ, wáyà 36,830 ni wọ́n sì dì pọ̀ di ẹyọ kan, ìkọ̀ọ̀kan wọn kò ju mìlímítà márùn-ún àti díẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú omi kì í dáwọ́ dúró nísàlẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà hẹlikọ́pítà ni wọ́n fi gbé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kọjá òkun lọ́dún 1993.

Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní January 1995, òpó àti okùn ti dúró, wọn ò tíì so ojú ọ̀nà rọ̀ mọ́ wọn. Òpó méjèèjì fi bíi sẹ̀ǹtímítà 80 jìnnà síra sí i, ṣùgbọ́n wọn ò wó! Wọ́n tún ìwọ̀n irin ojú ọ̀nà ṣe, wọ́n sì ṣí afárá ní April 1998. Mítà 1,991 ló wà láàárín òpó méjèèjì, kò sì sí irú rẹ̀ tó gùn tó o láyé títí tí Tọ́kì fi ṣí ti Çanakkale lọ́dún 2022.

Lẹ́yìn náà la gba ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́ lábẹ́ títì. Irin oníhò ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ẹ ó máa rí òkun lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ̀rọ agbéniròkè ló gbé wa dé orí òpó, mítà 289 sókè. Nínú òpó yẹn ni wọ́n so irin wúwo rọ̀ sí: bí atẹ́gùn bá mi òpó, irin wúwo náà á fì sí òdìkejì, òpó á sì rọlẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ìpẹtà. Irin etí òkun kì í pẹ́ dógùn-ún, gbogbo wẹ́dà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tiwọn, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ sínú okùn náà láìsinmi kí ọ̀rinrin má ráyè. Irú ìtọ́jú yìí ni mo fẹ́ rí lórí gbogbo afárá.

Ẹ mú aṣọ òtútù dání, atẹ́gùn ibẹ̀ le. Ẹni tó bá mú ọmọdé lọ́wọ́ lè lọ sí Maiko Marine Promenade, níbi tí ilẹ̀ dígí wà ní mítà 47 sókè òkun. Ó dára, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yín bá gbà, orí òpó ni kẹ́ ẹ lọ.