Ṣokoléètì tó hu ewú
Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, nínú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fájúyì ní Adó-Èkìtì, mo já bébà ṣokoléètì onímílíìkì tí mo ń jẹ lójoojúmọ́, mo bá a tó ti hu ewú. Funfun bí ẹfun láti òkè dé ilẹ̀! Mo yí padà sí ilé ìtajà tí mo ti rà á.

Ọmọge tó ń gbowó wò ó fìrí. "Mọ́mì, ẹ má bínú, mílíìkì ẹ̀ ló jáde síta."

Mílíìkì! Ọmọ àgbẹ̀ kòkó láti Ẹmùrẹ̀ lo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún? Mo ní ooru ló yọ́ ọ, ó tún dì padà, òróró kòkó ló jáde sójú. Ó nawọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Bàbá kan tó tò sẹ́yìn mi ní kí n ṣáà jẹ ẹ́, ikùn kan náà ló ń lọ.

Àmì Fairtrade, tó ń sọ pé wọ́n ra kòkó náà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà tó tọ́, ló jẹ́ kí n máa rà á. Bàbá mi a bo kòkó mọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, àwa ọmọ a máa fi ẹsẹ̀ tú u nínú oòrùn. Tí òjò bá ṣú, a ó sá kúrò nídìí oúnjẹ lọ kó o. Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa á tún ní kò gbẹ tó, á yọ kílò. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ní àmì yìí ń gba ẹ̀kúnwó. Ní 2019, wọ́n gbé e sí 240 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan. Àmọ́ tí ẹ bá rí ọfà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, ẹ ka ẹ̀yìn bébà. Tèmi ní wọ́n lè po kòkó ọ̀hún mọ́ òmíràn nílé iṣẹ́, bí iye tí wọ́n rà bá ṣáà ti ṣe déédéé. Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n owó ṣì dé ọwọ́ àgbẹ̀.

Ohùn mi ti ròkè kí máníjà tó jáde. Ó ṣẹ́ ẹ̀là kan, ó jẹ ẹ́ lójú mi, ó dákẹ́. "Òótọ́ ni, ma. Jẹnẹrétọ̀ wa ló kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." Ó mú méjì bọ̀ láti inú fíríìjì ohun mímu. Ó ní bàbá òun náà ń sá kòkó ní Ìsẹ̀. Bí ìjà ṣe di ìtàn iye tí kílò ń lọ nìyẹn, títí ọmọge yẹn fi ní kí a kúrò lójú ọ̀nà.

Méjì yẹn ń dán, ó dún pọ́ nígbà tí mo ṣẹ́ ẹ. Ṣúgà rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ó sì wọ́n.

Máàkì: 2 nínú 5. Mo ti lọ ra mẹ́rin sí i.