ADAM10 àbí BACE1: èwo ni ká dojú oògùn Alzheimer's, àrùn ìgbàgbé, kọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe Biochemistry ní EKSU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì), ẹ bá wa dá sí i o, àríyànjiyàn yìí ò tán ní Ìwòròkò. Jíìnì méjèèjì ló ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó jókòó sára awọ sẹ́ẹ̀lì tó ń gé prótíìnì, prótíìnì kan tó ń jẹ́ APP ni wọ́n sì jọ ń gé nínú ọpọlọ, ojú ibi tí kálukú ti ń gé e ló yàtọ̀. Tí BACE1 bá gé tiẹ̀, ẹ́ńsáìmù mìíràn, gamma-secretase, á wá parí iṣẹ́, amyloid-beta á jáde, ìyẹn nǹkan tó ń dì jọ sọ́pọlọ àwọn tó ní Alzheimer's, tí àwọn ará ilé á máa ní ayé ló ń ṣe màmá. ADAM10 ní tiẹ̀, àárín amyloid-beta yẹn gan-an ló ń gé já, kò ní lè jáde mọ́.

Àwọn kan ní ẹ ṣáà dá BACE1 dúró, ó parí. Ilé iṣẹ́ oògùn Merck gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú oògùn wọn, verubecestat, nígbà tó fi máa di 2018 wọ́n ti dá ìdánwò méjèèjì tí wọ́n ń ṣe lára èèyàn dúró, oògùn ò ṣiṣẹ́.

Èmi ò kúrò lẹ́yìn ADAM10 ṣá, ká tì í lẹ́yìn kó ṣiṣẹ́ púpọ̀ sí i, àmọ́ òun náà ló ń gé Notch, prótíìnì tí ọmọ inú nílò kó lè dàgbà, èkúté tí ò sì ní ADAM10 rárá, inú ìyá ẹ̀ ló ń kú sí, èyí tí ò ní BACE1 ń yè é.